Ojú Ajá Kì í Dúró De Òkè Òkun

Déjì, wá jókòó síbí. Má bá mi sọ̀rọ̀ oúnjẹ ná. Ìkòròdú ni mo wà tí mo ti gbọ́ pé sèbé tutọ́ sójú ajá rẹ lẹ́yìn ilé ní Ẹ̀pẹ́ níbí, pé láti ìjẹta, o ò tíì gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko kankan. Wọ́n ní ò ń wá ibi tí wọ́n ti ń fi stem cell, àwọn sẹ́ẹ̀lì ara tó ń bí òmíràn, tún ojú ajá ṣe lókè òkun. Ọmọ yìí! Ìwọ náà wo ojú ọ̀hún: ìpéǹpéjú ti lẹ̀ pọ̀, ibi tó yẹ kó máa dán ti funfun bí omi ẹ̀kọ, ó sì ń fi èékánná họ ọ́.

Mi ò sọ pé irọ́ ni stem cell o. Òótọ́ ni, inú mi sì dùn sí i. Ní 1997, Graziella Pellegrini àti Michele De Luca pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Ítálì bu ẹran bíńtín lára ojú tó ṣì dáa, wọ́n tọ́ ọ dàgbà títí ó fi di awọ, wọ́n wá fi bo ojú kejì tí kẹ́míkà ti jó. Èèyàn ni wọ́n ṣe é fún. Ní 2015, Yúróòpù fọwọ́ sí ìtọ́jú náà, Holoclar ni wọ́n ń pè é. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ròyìn ajá 12 ní Sípéènì, tí wọ́n fi stem cell inú ọ̀rá ajá mìíràn tọ́jú. Àwọn yẹn, omijé wọn ló gbẹ. Kì í ṣe oró ejò.

Níbo ni àwọn ará Ítálì ti rí stem cell tí wọ́n tọ́? Gbọ́ o: etí ibi tí dúdú ojú ti pàdé funfun ni. Kò sí ajá tí kò ní in. Awọ tó mọ́ gaara lórí dúdú ojú máa ń bó díẹ̀díẹ̀, àwọn tó wà létí yẹn ló ń bí òmíràn rọ́pò rẹ̀. Bí ọgbẹ́ ò bá jìn, tí kòkòrò ò sì wọ̀ ọ́, wọ́n á dí i fúnra wọn láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ohun tí o ń wá kiri lórí fóònù ti wà lójú ajá rẹ látìgbà tí wọ́n ti bí i! Ṣùgbọ́n oró sèbé ń jẹ ẹran ara. Tó bá pa àwọn ti etí yẹn tán, ojú náà á funfun pátá, iṣan ẹ̀jẹ̀ á gborí rẹ̀. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Kí lo wá ṣe? Wọ́n ní kí ìyàwó rẹ fún ọmú sí i, ó fún un. O tún kán oògùn ojú tí ìyá rẹ lò kù sí i. Mo ka ara ìgò náà: dexamethasone. Háà, Déjì! Steroid nìyẹn. Lójú tó ní ọgbẹ́, kì í jẹ́ kí ọgbẹ́ san, ojú sì lè máa yọ́ títí yóò fi lu. Jù ú nù.

Omi ló yẹ kó o kọ́kọ́ dà sí i, omi tó mọ́, lọ́pọ̀lọpọ̀, kó máa ṣàn gba ojú náà kọjá fún bí ìṣẹ́jú 15, kó o tó gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Dókítà á fi bébà tó ní aró kan ojú rẹ̀, ibi tó bá lọ́gbẹ́ á yọ àwọ̀ ewé. Á fún un ní oògùn apakòkòrò àrùn àti ti ìrora, á sì fi kọ́là gbàgàdà sí i lọ́rùn kó má baà họ ọ́ mọ́. Bí ọgbẹ́ bá jìn, ilé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn wà, ti yunifásítì FUNAAB náà wà l'Ábẹ́òkúta.

Ajá tó dúró láàárín àwọn ọmọ rẹ àti ejò! Ó yẹ kó o ti sáré jù báyìí lọ fún un. Dìde, bu omi wá, kó o dá kẹ̀kẹ́ márúwá dúró. Èmi ni n ó sanwó dókítà, ṣùgbọ́n òní la ó lọ.