Ẹ̀KỌ́ KẸTÀLÁ: Ẹ̀rọ Kékeré Orí Ìka

Bí ọmọ tí ń mí hẹlẹhẹlẹ bá dé ilé ìwòsàn ní Kútọnu, nọ́ọ̀sì lè fi ẹ̀rọ kékeré kan mú un ní ìka. Ẹ̀rọ náà kì í gún ni, kì í sì í dun ni. Láìpẹ́, nọ́ńbà kan á yọ lójú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 95 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ́síjìn tó nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Bí kò bá tó 90, ewu ti wọlé: ọmọ náà nílò ìtọ́jú kíákíá.

Báwo ni ẹ̀rọ yìí ṣe mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀? Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ló kọ́kọ́ rí i pé ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn pọ̀ nínú rẹ̀ a máa pọ́n dòdò, èyí tí ọ́síjìn kò tó nínú rẹ̀ a sì máa ṣú. Takuo Aoyagi, ẹlẹ́rọ ará Japan, ronú pé bí a bá tan ìmọ́lẹ̀ gba inú ara kọjá, a lè fi bí ìmọ́lẹ̀ tó kọjá ṣe ń yí padà bí ọkàn ṣe ń lù mọ bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó. Ó gbé èrò rẹ̀ jáde ní ọdún 1974. Nígbà tí gílóòbù tín-ín-tìn-ín àti ọpọlọ kọ̀ǹpútà kékeré dóde, ẹ̀rọ náà di ohun tí ọmọdé lè dì mọ́wọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: onísáyẹ́ǹsì, ẹlẹ́rọ àti dókítà jọ ṣe é ni.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì parí. Ní ọdún 2020, àwọn dókítà ní Yunifásítì Michigan, ní Amẹ́ríkà, rí i pé àṣìṣe ẹ̀rọ yìí pọ̀ lára àwọn aláwọ̀ dúdú ju lára àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Nígbà mìíràn, ó ń sọ pé ọ́síjìn tó nígbà tí kò tó. Ẹ̀rọ náà ṣì wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ wo bí ọmọ ṣe ń mí pẹ̀lú. Ẹ̀rọ tí a kò dán wò dáadáa lára gbogbo ènìyàn lè má bá gbogbo ènìyàn mu.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí àwọn ọmọ Áfíríkà náà máa ṣe ìwádìí ẹ̀rọ ìṣègùn. Ní Yunifásítì Abomey-Calavi, nítòsí Kútọnu, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀rọ ilé ìwòsàn. Ní BloLab, ní Kútọnu, àwọn ọ̀dọ́ ti fi ẹ̀yà kọ̀ǹpútà àlòkù to kọ̀ǹpútà tuntun jọ sínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹni tó lè tú ẹ̀rọ palẹ̀ lónìí, tó sì lè tò ó padà, lè ṣe tirẹ̀ lọ́la.

Ọ̀rọ̀ tuntun
ọ́síjìn: apá kan nínú atẹ́gùn tí ara fi ń wà láàyè
ẹlẹ́rọ: ẹni tó mọ ẹ̀rọ ṣe tàbí tó mọ̀ ọ́n tún ṣe
àlòkù: ohun tí ẹlòmíràn ti lò tẹ́lẹ̀

Ìbéèrè
1. Kí ni nọ́ńbà tí kò tó 90 ń sọ fún nọ́ọ̀sì?
2. Àwọ̀ wo ni ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn pọ̀ nínú rẹ̀ ní?
3. Kí ló dé tí nọ́ọ̀sì kò fi gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà nìkan?
4. Ẹ̀rọ wo ni ìwọ yóò fẹ́ ṣe fún ilé ìwòsàn? Sọ ìdí rẹ̀.