Ọmọ Pẹ́pẹ́yẹ Tí Kò Ní Ìyá: Báwo Ni A Ó Ṣe Ṣàánú Rẹ̀?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ̀kọ́ wa nínú oṣù yìí dá lórí àánú ṣíṣe sí ẹyẹ. Abu Dawud gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Ibn Mas'ud pé, lójú ìrìn-àjò kan, àwọn Sahabe kó ọmọ ẹyẹ méjì. Ìyá wọn dé, ó ń fi apá rẹ̀ gbọ̀n. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) béèrè ẹni tí ó bà á nínú jẹ́, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n dá àwọn ọmọ náà padà fún un. Ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ wa nìyí: ẹni tí ó bá fẹ́ gba ọmọ ẹyẹ là, kí ó kọ́kọ́ wá ìyá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi mallard ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn pẹ́pẹ́yẹ odò tí ó pọ̀ nínú adágún omi Lọ́ńdọ̀nù àti káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Abo rẹ̀ máa ń sàba fún nǹkan bí ọjọ́ 28. Akọ kì í bá a tọ́mọ. Láàárín ọjọ́ kan tí ó bá pamọ, ìyá á ti kó wọn lọ sódò.

1. Ṣé kò ní ìyá lóòótọ́?
Ó ṣeé ṣe kí ìyá ti sá pamọ́ nítorí yín. Ẹ jìnnà, ẹ dákẹ́, kí ẹ máa wò ó láti òkèèrè fún bíi wákàtí kan, àyàfi bí ológbò, ajá tàbí ọkọ̀ bá fẹ́ pa á. Ẹ má sọ ọ́ sáàárín ọmọ pẹ́pẹ́yẹ mìíràn. Ìyá wọn lè kọlù ú, kí ó sì pa á.

2. Ooru
Òtútù tètè ń pa á ju ebi lọ. Ẹ fi sínú páálí tí a tẹ́ aṣọ sí, kí iná tí ń mú ooru wá wà ní apá kan. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kí abẹ́ iná náà tó 32 sí 35°C, kí ẹ máa dín in kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá ń ké tí wọ́n sì ń rọ́ mọ́ra, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá fún iná, ó ti gbóná jù.

3. Omi àti oúnjẹ
Ẹ bu omi sínú àwo pẹrẹsẹ, kí ẹ kó òkúta sí i kí ọmọ má baà rì. Ẹ má jẹ́ kí ó lúwẹ̀ẹ́. Ìyá ni í fi ìyẹ́ bo ọmọ lẹ́yìn odò. Èyí kò ní ẹni tí yóò bò ó. Oúnjẹ ọmọ adìẹ tí a kò po oògùn mọ́ dára, pẹ̀lú ewé tútù tí a rẹ́ wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n ó nílò fítámì tí a ń pè ní niacin ju ọmọ adìẹ lọ. Bí kò bá tó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wọ́. Búrẹ́dì àti mílíìkì kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀.

4. Ẹ má sọ ọ́ di ọmọ yín
Konrad Lorenz, ọmọ ilẹ̀ Austria tí ó wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1973, fi hàn pé ọmọ ẹyẹ gúúsì, ìbátan pẹ́pẹ́yẹ, máa ń tẹ̀lé ohun tí ó bá kọ́kọ́ rí tí ń rìn bí ẹni pé ìyá rẹ̀ ni. Ẹyẹ tí ó bá fi ènìyàn ṣe ìyá kò ní bẹ̀rù ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni ìbẹ̀rù ni ààbò rẹ̀ nínú igbó. Nítorí náà, ẹ má máa gbé e jó. Ẹ tètè gbé e fún àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìtọ́jú ẹranko igbó, kí ó lè dàgbà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1918 kò gbà kí ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ máa sin ín. Bí ó bá tó nǹkan bí ọjọ́ 50 sí 60, á lè fò.

Ẹ̀yin ará, ẹni tí ó bá fi àánú gbé e, kí ó fi àánú tú u sílẹ̀. Kí Ọlọ́hun ṣe wá ní aláàánú. Àmín.