ÀMÁNÀ NI ARA: Ẹ̀kọ́ Lórí Ìkánjú Dín Ìsanra Kù

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá ènìyàn ní ìrísí tó dára jù lọ. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ohun kan tí ó ti wọ àárín wa. Bí yìgì tàbí wọ́límọ́tù bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹlòmíràn á pa oúnjẹ tì. Òmíràn á máa mu omi ọsàn wẹ́wẹ́ nìkan. Òmíràn á ra tíì àti kápúsù tí wọ́n ní ó ń sọ ni di tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Àwọn ọkùnrin náà kò gbẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

1. Ìlànà ẹ̀sìn: Nínú Súrà Al-A'ráf, áyà 31, Ọlọ́hun pàṣẹ pé kí á jẹ, kí á mu, kí á má sì kọjá ààlà. Nínú Súrà Al-Má'ídà, áyà 87, Ó kọ̀ fún wa láti sọ ohun dáadáa tí Ó ṣe ní ẹ̀tọ́ di èèwọ̀. Ẹni tó ń jẹ àjẹkì ti rú àṣẹ àkọ́kọ́. Kí ẹni tó ń febi pa ara rẹ̀ ṣọ́ra fún èkejì. Nígbà tí Abdullah ọmọ Amr ń gba àwẹ̀ lójoojúmọ́, tó sì ń fi gbogbo òru kírun, Ànábì kìlọ̀ fún un pé ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Bí a kò bá gbọdọ̀ torí ìjọ́sìn ni ara lára, ṣé torí aṣọ ẹbí ni a ó ṣe ni ín?

2. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara: Ara máa ń fi oúnjẹ afúnnilágbára díẹ̀ pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, pẹ̀lú omi púpọ̀. Bí oúnjẹ bá dédé wọ́n, èyí ni ara ń kọ́kọ́ ná. Nítorí náà, púpọ̀ nínú kílò tó lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, omi ni. Bí ebi bá pẹ́, ara á máa jẹ iṣan mọ́ ọ̀rá, á sì dín iṣẹ́ rẹ̀ kù, bí ìgbà tí a rẹ iná àtùpà sílẹ̀ kí epo má baà tètè tán.

Ní ọdún 1944 sí 1945, ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, Ancel Keys àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dán èyí wò lára ọ̀dọ́kùnrin 36 tó fínnúfíndọ̀ yọ̀ǹda ara wọn. Fún ọ̀sẹ̀ 24, nǹkan bí ìdajì oúnjẹ wọn ni wọ́n ń fún wọn. Wọ́n pàdánù nǹkan bí ìdámẹ́rin ìwọ̀n ara wọn. Òtútù ń mú wọn, inú wọn bàjẹ́, oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń rò. Nígbà tí wọ́n rí oúnjẹ padà, ọ̀pọ̀ wọn jẹun kọjá ààlà, ọ̀rá ara wọn sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

3. Tíì àti kápúsù: Ewé senna ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú tíì wọ̀nyí, oògùn ìyàgbẹ́ sì ni. Ìgbẹ́ àti omi ló ń lé jáde. Ọ̀rá wà níbi tó wà. Bí a bá ń mu ún lámujù, àwọn iyọ̀ tí ọkàn fi ń lù déédéé lè dínkù nínú ara, èyí sì lè gba ẹ̀mí. Ní ti kápúsù, wọ́n kó oògùn sibutramine kúrò lọ́jà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ní ọdún 2010 nítorí àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Síbẹ̀, léraléra ni ìjọba Amẹ́ríkà ti bá a lẹ́yìn náà nínú ọjà tí wọ́n pè ní ewé àti egbò lásán.

4. Níyà: Àwọn kan ń gba àwẹ̀ Àtìní àti Àlàmísì kí wọ́n lè tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ìlera bá tẹ̀lé ìjọ́sìn, kò burú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ni a torí rẹ̀ gbà á, ebi lásán ni a pa. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ ṣínu. Ànábì sì kọ̀ kí á so àwẹ̀ ọjọ́ kan mọ́ òmíràn láìṣínu.

Kí wá ni ọ̀nà? Iṣẹ́ tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù ni èyí tí a ń ṣe láìdáwọ́dúró, bó tilẹ̀ kéré. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ara. Ìdajì kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ tó. Ẹ dín ẹ̀bà kù, ẹ fi ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹja kún un. Ẹ yé fi mínírà ṣínu. Ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ànábì pàápàá bá ìyá wa Àíṣà sáré ìje. Kí aláboyún, ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú àti ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kọ́kọ́ rí dókítà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ara ọmọlàkejì ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́hun: ẹnu yín ló ń lé ọ̀pọ̀ lọ sídìí kápúsù. Àwọn Sàhábé rẹ́rìn-ín nítorí pé ojúgun Abdullah ọmọ Mas'úd tínrín; Ànábì sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé wọn yóò wúwo ju òkè Uhud lọ lórí òṣùwọ̀n Ọlọ́hun.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìlera, kí Ó sì jẹ́ kí á lè ṣọ́ àmánà Rẹ̀. Àmín.