Edé Wẹ́wẹ́ Inú Ọ̀gọ̀dọ̀ ní Òkè-Ògùn: Àyẹ̀wò Èdè-Ìperí Díẹ̀

Bí a bá dárúkọ edé, ọkàn ẹni tí ń gbọ́ yóò lọ sí Ìlàjẹ, sí Ẹ̀pẹ́ tàbí sí Àgbádárìgì, níbi tí òkun àti ọ̀sà wà. Ta ni yóò rántí Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn? Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Òkè-Ògùn. Edé gbígbẹ tí a rà lọ́jà ni a mọ̀ mọ́ ọbẹ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, edé wà nínú omi Òkè-Ògùn. Wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bu omi ọ̀gọ̀dọ̀ mu yóò gbé wọn mì láìmọ̀, àìmọ̀ yìí sì ti so ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ mọ́lẹ̀ sórí ẹní nígbà tí iṣẹ́ oko gbóná. Orúkọ tí ó yẹ kí a máa pe irú edé wọ̀nyí nínú ìwé ẹ̀kọ́ ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí olùkọ́ yóò nílò ni èyí tí yóò kó edé, alákàn àti àwọn ìbátan wọn pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan. Ẹnìkan lè dábàá "oníkarawun" nítorí pé ara wọn le. A kò fara mọ́ ọn. Ìgbín ní karawun, ahun náà ní in, kò sì sí èyí tí ó bá edé tan nínú àwọn méjèèjì. Ohun tí a fi ń dá ẹ̀yà yìí mọ̀ ni pé èèpo ara wọn le, wọn a sì máa bọ́ ọ bí wọ́n ti ń dàgbà; ẹsẹ̀ wọn ní oríkèé; ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin sì wà ní orí wọn, níbi tí kòkòrò ti ní méjì péré. "Ẹ̀yà edé" ni a fara mọ́. Ẹni tí ó ti rí edé rí yóò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ kí olùkọ́ tó la ẹnu.

Nínú ẹ̀yà edé, ìdílé ńlá kan wà tí orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, kópépọ́ọ̀dù, wá láti inú èdè Gíríìkì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹlẹ́sẹ̀ tí ó dà bí àjẹ̀ ọkọ̀. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé e ní ṣangiliti yóò sọ pé "ẹlẹ́sẹ̀-àjẹ̀". Ìtumọ̀ náà tọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a mọ bí àwọn òǹtẹ̀wé ti ń ṣe àmì ohùn. Bí wọ́n bá fo àmì náà, irú ẹsẹ̀ mìíràn ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò kà, ẹ̀rù yóò sì bà á. Nítorí náà "edé atukọ̀" ni a dábàá. Iṣẹ́ kan náà ni àjẹ̀ àti atukọ̀ ń ṣe, kò sì sí àṣìkà níbẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn edé atukọ̀ ni Cyclops, tí gígùn rẹ̀ kì í sábà ju mìlímítà 1 sí 2 lọ. Ojú kan ṣoṣo ni ó ní láàárín orí, ìdí nìyí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní orúkọ òmìrán olójú kan inú ìtàn àwọn Gíríìkì. "Edé olójú-kan" bá a mu, àmọ́ kí olùkọ́ ṣọ́ra: ọ̀pọ̀ ìbátan rẹ̀ náà kò ní ju ojú kan lọ. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń wò ó nínú awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, kí ó wo ìdí rẹ̀. Abo rẹ̀ a máa gbé àpò ẹyin méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, bí ẹni tí ó so kèrègbè méjì mọ́ ìbàdí.

Edé olójú-kan yìí ni ó gbé sobìà wọ ara àwọn baba wa. Yorùbá mọ sobìà dáadáa. A fi í pòwe pé yóò degbò kí a tó ké sí olúgàńbe. Ṣùgbọ́n a kò ní orúkọ fún ẹni tí ń gbé e rìn, àìlórúkọ yìí sì dá ìṣòro sílẹ̀. "Kòkòrò inú omi ni ó ń fa sobìà" ni ìtumọ̀ tí ó rọrùn jù lọ láti ṣe. Kòkòrò wo? Ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò fún eṣinṣin, fún aràn àti fún ohun àìfojúrí tí ń fa àrùn. Ẹni tí ó gbọ́ gbólóhùn náà yóò rò pé ohun tí ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún nínú omi ni yóò dàgbà di aràn nínú ẹsẹ̀ òun. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Bí ó ti rí nìyí. Abo sobìà, tí ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60 sí 100, yóò yọrí lára ẹsẹ̀. Bí aláìsàn bá ki ẹsẹ̀ bọ omi kí ara lè tù ú, aràn náà yóò tú ọmọ rẹ̀ sínú omi. Edé olójú-kan yóò jẹ àwọn ọmọ náà. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ 14, wọn yóò gbó nínú rẹ̀ dé ìwọ̀n tí wọ́n fi lè wọ ara ènìyàn. Ènìyàn mu omi náà. Omi kíkan inú ikùn pa edé, ṣùgbọ́n kò pa ọmọ aràn. Wọ́n dá ìfun lu, wọ́n sì wọ inú ara. Ó tó nǹkan bí ọdún kan kí egbò tó yọ. Ta ni yóò rántí omi tí ó mu ní èṣí? Onímọ̀ ará Rọ́ṣíà, Alexei Fedchenko, ni ó kọ́kọ́ fi ipa edé yìí hàn, ní nǹkan bí ọdún 1870.

Kí ni a ó wá pe irú ẹ̀dá tí ń ṣe iṣẹ́ báyìí? "Olùgbàlejò" ni ó kọ́kọ́ wá sọ́kàn, ṣùgbọ́n àlejò kì í dàgbà nínú ilé onílé. "Alágbàtọ́" ni a yàn. Alágbàtọ́ kì í ṣe ìyá, kì í sì í di ọmọ tí ó ń tọ́. Gbólóhùn náà yóò wá di: "Edé olójú-kan ni alágbàtọ́ ọmọ sobìà." Ọ̀rọ̀ yìí nìkan ti tú kókó tí "kòkòrò inú omi" ta.

Àwọn ìwé ìlera kan lédè Gẹ̀ẹ́sì tún pe edé yìí ní yọ̀rọ̀ omi. Kí atúmọ̀ má ṣe tẹ̀ lé wọn. Yọ̀rọ̀ a máa bu ni jẹ, àwọn ènìyàn yóò sì máa bẹ̀rù àtiwẹ̀ nígbà tí ó jẹ́ mímu ni ewu wà. Ẹ̀dá mìíràn, Daphnia, ni ó ni orúkọ yẹn lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Fífò ni ó ń fò nínú omi, nítorí náà a dábàá "edé afò" fún un.

Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ wà lára ohun tí ó ṣẹ́gun sobìà. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, kò sì sí oògùn tí ń pa á nínú ara. Ìwádìí tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 1988 sí 1989 fi hàn pé àwọn tí ó ní in ju 650,000 lọ. Ohun tí a sọ fún ará abúlé kò ju pé kí ó sẹ́ omi, kí ẹlẹ́gbò má sì wọ inú odò. Asẹ́ aláṣọ ọ̀rá tí ihò rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà ti tó láti dá edé dúró. (Ìlú aláṣọ òfì ni Ìsẹ́yìn, ṣùgbọ́n aṣọ òwú kì í pẹ́ dí pa bí a bá ń fi sẹ́ omi ẹrẹ̀.) Ẹni tí kò bá mọ̀ pé edé ni òun ń sẹ́ kò ní rí ìdí tí òun yóò fi sẹ́ omi tí ó mọ́ lójú. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọ̀gọ̀dọ̀ fà tán tí edé sì pọ̀ nínú ìwọ̀nba omi tí ó kù, ni ewu náà ń le jù ní ìhà tiwa. Wọ́n tún da oògùn temephos sómi, mílígíráàmù 1 sí lítà omi 1, láti pa edé láìpa ẹja. Ẹni ìkẹyìn tí ó ní sobìà ní Nàìjíríà ni a rí ní oṣù kọkànlá ọdún 2008. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé àrùn náà ti kúrò nílẹ̀ wa.

Kí a má wá fi ti sobìà ba gbogbo ẹ̀yà edé lórúkọ jẹ́. Àwọn kan lára ìbátan edé olójú-kan a máa jẹ tanwíjí. Ní Vietnam, wọ́n ń dà wọ́n sínú ìkòkò omi láti dín ẹ̀fọn kù. Àwọn tí ń pa ọmọ ẹja àrọ̀ nílẹ̀ wa náà kò lè ṣe láìsí edé wẹ́wẹ́. Wọ́n ń ra ẹyin Artemia nínú agolo, wọ́n ń pa á nínú omi iyọ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ kan, wọ́n sì ń fi bọ́ ọmọ ẹja; "edé oníyọ̀" ni a ó pe ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí ń sin ẹja òkun àti iyùn ààyè sínú àpótí gíláàsì lókè òkun ṣe ń wá edé atukọ̀ fún ẹja wọn, tí wọ́n sì ń sá fún irú rẹ̀ kan, pupa, tí ń ba iyùn jẹ́.

Méjì ni ó kù tí olùsìn ẹja gbọ́dọ̀ mọ̀. Argulus pẹlẹbẹ, ó ń lẹ̀ mọ́ ara ẹja, ó sì ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: "iná-ẹja". Lernaea jọ aràn lójú, edé atukọ̀ sì ni. Abo rẹ̀ a ki orí bọ ẹran ara ẹja, a sì há síbẹ̀. "Edé ìdákọ̀ró" ni a pè é, nítorí pé bí a bá fà á lójijì, ìdí rẹ̀ ni yóò já, orí yóò kù sínú ẹran.