Ibo Lo Gbé Projector Rẹ Sí?

Bí o bá fẹ́ fi projector wo fídíò nínú ilé, má tíì fọwọ́ kan bọ́tìnì kankan. Kọ́kọ́ wo ibi tí o gbé e sí.

Fídíò ìgbéyàwó wa ni mo fẹ́ fi han Màmá mi. Mo gbé projector sórí àpótí, mo fi ìwé ti iwájú rẹ̀ sókè kí àwòrán lè ga lára ògiri. Bí bàbá mi olóògbé ṣe yọ, orí rẹ̀ fẹ̀ bí agbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín. Màmá ní, "Ta nìyí?" Ó dùn mí dọ́kàn.

Kí ló fà á? Bí projector bá wòkè, ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ sókè ògiri ń rìn jìnnà ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ó sì ń fẹ̀ sí i. Bí o bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan tí o dorí rẹ̀ kọ àárín, apá tó jìnnà ni yóò ga jù.

Nítorí náà, jẹ́ kí ó dúró dọ́gba, kí ó kọjú sí àárín àwòrán gan-an. Ọ̀pọ̀ èyí tí à ń gbé sórí tábìlì ni a ṣe kí lẹ́ǹsì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá etí ìsàlẹ̀ àwòrán dọ́gba. Fi tépù wọn òkè àti ìsàlẹ̀, kí o wọn ọ̀tún àti òsì.

Bọ́tìnì keystone wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń fún apá tó fẹ̀ pọ̀, àwòrán a sì ṣe bàìbàì díẹ̀. Èmi kì í lò ó àfi bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn.

A gbé tiwa sórí tábìlì oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Màmá rí ọkọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì rẹ̀.