Ta Ni Ń Gbé ní Ìsàlẹ̀ Odò?

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó sọ̀rọ̀ nípa dáàmù kékeré, irú èyí tí àgbẹ̀ máa ń ṣe fúnra rẹ̀ láti fi bomi rin oko. Erùpẹ̀ ni yóò fi mọ ògiri sé odò, omi á sì dúró bí adágún. Nǹkan rere ni. Ṣùgbọ́n omi tí a sé sókè, orí àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni ó wà.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n a máa pín dáàmù sí ipò ewu mẹ́ta:

1. Ewu kékeré: bí ó bá wó, ohun ìní ẹni tó ni ín ni yóò bàjẹ́ jù.
2. Ewu àárín: kò jọ pé ẹnikẹ́ni yóò kú, ṣùgbọ́n ọ̀nà, afárá tàbí dúkìá ẹlòmíràn lè bàjẹ́.
3. Ewu ńlá: bí ó bá wó, ó jọ pé yóò pa ènìyàn.

Ẹ kíyè sí i dáadáa. Ipò ewu kò sọ bóyá ògiri lágbára. Ohun tí a ó pàdánù bí ó bá wó ni ó ń sọ. Dáàmù tó wà ní ipò ewu kékeré lónìí lè bọ́ sí ipò ewu ńlá lọ́la, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ògiri rẹ̀. Kí àwọn ènìyàn ṣáà ti wá kọ́lé sí ìsàlẹ̀ odò, ó parí.

Ẹ jẹ́ kí á wo Kauai, erékùṣù kan ní Hawaii, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1890 ni wọ́n ṣe dáàmù Ka Loko síbẹ̀ láti máa bomi rin oko ìrèké. Ọwọ́ aládàáni ni ó wà. Ewu kékeré ni wọ́n kọ fún un nínú ìwé ìjọba, bẹ́ẹ̀ ènìyàn ń gbé nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2006, lẹ́yìn òjò ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ògiri náà wó kí ilẹ̀ tó mọ́. Omi gbé ilé lọ, ènìyàn 7 sì kú. Ìwádìí fi hàn pé ewu ńlá ló yẹ kí wọ́n ti kọ, àti pé ìjọba kò yẹ dáàmù náà wò rí. Ó sì jọ pé wọ́n ti fi erùpẹ̀ dí ọ̀nà àkúnwọ́sílẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí omi tó bá pọ̀ jù ń gbà jáde. Omi tí kò rí ọ̀nà, orí ògiri ni yóò gbà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní dáàmù:

Ẹ máa rin ìsàlẹ̀ odò lọ́dọọdún, kí ẹ ka àwọn ilé tó wà níbẹ̀.
Ẹ má jẹ́ kí ohunkóhun dí ọ̀nà àkúnwọ́sílẹ̀.
Ẹ má jẹ́ kí igi hù lórí ògiri, tàbí kí òkété gbẹ́ ihò sínú rẹ̀.
Bí omi bá ń jò lára ògiri, tí kò sì mọ́ gaara, erùpẹ̀ inú ògiri ni ó ń kó jáde. Ẹ tètè kìlọ̀ fún àwọn ará ìsàlẹ̀ kí wọ́n kúrò, kí ẹ sì pe ẹnjiníà.

Ìbéèrè

1. Kí ni ipò ewu ń sọ fún wa?
2. Kí ló dé tí ọ̀nà àkúnwọ́sílẹ̀ kò gbọdọ̀ dí?
3. Ta ni ń gbé nísàlẹ̀ dáàmù tó wà nítòsí yín? Ṣé olówó dáàmù mọ̀ wọ́n?