Omi karkashi tó ń kan

Ìbéèrè: Sabon Tasha ní Kàdúná ni mò ń gbé. Omi ewé karkashi tí mo ń rẹ fún irun máa ń kan kíákíá. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ìwọ̀nba tí ẹ máa lò lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ máa rẹ, arábìnrin wa. Omi ewé kì í pẹ́ bàjẹ́, àní nínú fíríìjì pàápàá. Bó bá ti ń rùn, ẹ dà á nù. Ẹ má fi lọ́fínńdà bò ó!

Òrí ní tiẹ̀ máa ń pẹ́, torí kò lómi nínú. Ṣùgbọ́n kì í fún irun lómi. Èyí tó wà níbẹ̀ ló ń dí mọ́. Nítorí náà, lásìkò ọyẹ́, irun tó ṣì lómi ni kí ẹ fi í pa.

Bí ẹ bá tún ń fi làálì kun irun, ẹ ṣọ́ra fún èyí tó dúdú kirikiri. Àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú ni làálì gidi ń mú jáde. Kẹ́míkà aláró tó lè bó awọ orí ni wọ́n sábà ń pò mọ́ dúdú yẹn.